Ṣé ìkọlù ló ń ba gálákísì òkòtó jẹ́, àbí òun náà ló ń bí i?

Ọmọ Ìrẹmọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ti ń dá mi láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní SS2 pé gálákísì ni agbo ìràwọ̀ ńlá, pé àwọn kan rí bí ẹyin, àwọn kan sì ní apá tó lọ́ yíká bí òkòtó, Milky Way tí àwa wà nínú rẹ̀ wà lára àwọn olókòtó. Ẹ tún ní tí òkòtó méjì bá kọlu ara wọn, apá wọn á fọ́ dànù, ẹyin ló máa kù. Mo kọ ọ́ sínú nóòtì mi. Ní báyìí tí mo wà ní Part One, mo wá ń kà á lórí fóònù pé Milky Way fúnra rẹ̀ ti gbé gálákísì míì mì, pé àwọn òkòtó kan wà tó jẹ́ ìdàpọ̀ ló bí wọn. Èwo ni ká dì mú? Tí mọ́tò méjì bá forí sọra wọn ní Ìpetumodù, ṣé mọ́tò tuntun ló máa jáde níbẹ̀? Ẹ má bínú sà, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

———

Tíṣà Ìlódè:

Mi ò bínú rárá, inú mi dùn pé gbangba lo ti bi mí, torí mo ní gbèsè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Mo ya òkòtó méjì sórí bọ́ọ̀dù, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ọfà láàárín wọn, mo ya ẹyin sísàlẹ̀, mo ní ibi tó parí sí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú tiyín, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sínú ìdánwò pé àwọn méjèèjì lè padà di òkòtó kan ṣoṣo tí gáàsì bá ṣẹ́kù nínú wọn. Mo fi bíírò pupa kọjá lórí ẹ̀, mo fún un ní òdo. Ọmọ yẹn ló jàre, èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò tíì rí i láti sọ fún un.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tí mo gbà báyìí, kí ẹ tó máa bá mi jà: ìkọlù lè sọ òkòtó di ẹyin, ó sì lè bí òkòtó, gáàsì tó wà nínú àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n pàdé ló máa ń pinnu. Ẹ fọkàn sí gáàsì o. Ìràwọ̀ lójú wa máa ń lọ, a kì í bi gáàsì.

Ti mọ́tò tó o mẹ́nu bà, ibẹ̀ gan-an lo ti ṣì í. Mọ́tò kún fún irin, gálákísì ò kún fún nǹkan kan, òfìfo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Gbà pé oòrùn wa kéré bí àgbálùmọ̀ kan, o gbé e sílẹ̀ ní Ẹnuwá. Àgbálùmọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù, á wà ní nǹkan bíi 1,100 kìlómítà síbẹ̀, tó o bá na tààrà lọ sí Bọ̀rọ̀nú wàá ti kọjá Màídúgùrì kó o tó rí i. Láàárín àgbálùmọ̀ méjèèjì yìí, òfìfo ni. Ó dáa, da agbo àgbálùmọ̀ tó tò báyìí lu agbo míì tó tò bẹ́ẹ̀, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Wọn ò ní fara kanra. Wọ́n á gba àárín ara wọn kọjá.

———

Ìyá Ìbejì:

Tíṣà ẹ dákun, tí wọn ò bá fara kan ara wọn, kí la wá ń pè ní ìkọlù? Nǹkan wo ló kọlu nǹkan wo?

———

Tíṣà Ìlódè:

Ìbéèrè gidi nìyẹn Ìyá Ìbejì. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́, òòfà, ìyẹn gravity tó ń fa nǹkan wá sílẹ̀. Ìràwọ̀ ò fara kanra lóòótọ́ àmọ́ gbogbo wọn ń fa gbogbo wọn, bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìràwọ̀ lápá ibí, iye bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀hún, àtọ̀kan àtèkejì ń wọ́ ara wọn lẹ́wù. Ètò tí wọ́n ti ń tò bọ̀ tẹ́lẹ̀ á dàrú, àwọn tó ń yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sókè sódò, àwọn míì á ta jáde bí ìrù gígùn.

Ìkejì ni gáàsì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo èèyàn méjì tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jà, wọ́n á yẹra fúnra wọn. Ẹ wá wo èéfín àdògán méjì tó ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣé èéfín ń yẹra fún èéfín ni? Á wọnú ara ẹ̀, á di ọ̀kan, ẹ ò ní mọ èwo ni ti ìyálé èwo ni ti ìyàwó. Ìràwọ̀ ń ṣe bí èèyàn ọjà, gáàsì ń ṣe bí èéfín. Nígbà tí gáàsì méjì bá forí gbárí báyẹn á gbóná, ooru ẹ̀ á jáde lọ bí ìmọ́lẹ̀, agbára tó gbé wá sì ń bá ooru yẹn lọ. Ìràwọ̀ ò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti fi jù ú nù, ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ tó ti dàrú fi máa ń wà ní dídàrú, tó máa ń wú bí ẹyin, tí kì í padà tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́. Gáàsì nìkan ló lè rọlẹ̀.

———

Ọmọ Ìrẹmọ:

Ẹ ṣé sà. Ti pé ó rọlẹ̀ yé mi. Kí ló wá dé tí kò fi rọlẹ̀ sí àárín kó kóra jọ gbungbun síbẹ̀? Àwo pẹrẹsẹ tó ń yí, ibo ló ti wá?

———

Tíṣà Ìlódè:

Wọ ilé ìdáná lọ kó o tó ka ìyókù. Mo ti ṣe é fáwọn ọmọ kíláàsì, ó ń ṣiṣẹ́.

Bu omi sínú báàfù tó fẹjú, fọ́n ẹ̀kúnwọ́ gaàrí kan sí i, gaàrí fífúyẹ́ tó máa léfòó. Fi ọwọ́ rú omi náà. Má rú u yíká o, rú u ṣíbáṣìbo, síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ń wá òrùka tó bọ́ sómi. Wá yọ ọwọ́ rẹ, dúró. Lákọ̀ọ́kọ́ ìjà ni, omi kan ń lọ, omi kan ń bọ̀, gaàrí ibí ń fori sọ gaàrí ọ̀hún. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sígbà yẹn ìjà á rọ̀, ohun tó máa kù ni pé gbogbo gaàrí yẹn á máa yí lọ sápá kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i. Báàfù búlúù la lò lọ́jọ́ náà, ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló tò yí i ká, kíláàsì dákẹ́ lọ gbári nígbà tí gaàrí bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Kí ló fà á? Nígbà tó o ń rú u, o ò lè rú u kó ṣe déédéé lápá méjèèjì, apá kan á ju èkejì lọ díẹ̀. Gbogbo ìyókù á pa ara wọn rẹ́, díẹ̀ tó lé yẹn ò ní nǹkan tó máa pa á. Gáàsì gálákísì náà nìyẹn. Ooru ti gbé agbára ìkọlù lọ, yíyípo ò ríbi lọ, nítorí náà gáàsì á sún mọ́ra, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa yí. Inú àwo tó tẹ́ yẹn ni ìràwọ̀ tuntun á ti máa là, apá lílọ́ á sì yọ lára ẹ̀. Òkòtó ti tún jáde nìyẹn.

Àmọ́ tí gáàsì bá ti tán kí wọ́n tó pàdé, tàbí kó jẹ́ ìràwọ̀ ló fi bí tán ní wàrà wàrà lásìkò ìkọlù, ẹyin ló kù. Ohun tí mo kọ́ yín ní SS2 nìyẹn, ìdajì ẹ̀kọ́ ni.

———

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ o Tíṣà. Èmi ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà níbí, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń wí, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ní ìkọlù yìí ń gba bílíọ̀nù ọdún. Ta ló jókòó fún bílíọ̀nù ọdún tó rí i? Ohun tójú ò rí, kí ẹnu má sọ ọ́ bí ẹni tó débẹ̀.

———

Tíṣà Ìlódè:

Ẹ kú àárọ̀ bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá sí i. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ gbà dá yín lóhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ẹni tó kọ́kọ́ dán an wò, kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Erik Holmberg lorúkọ ẹ̀, ará Sweden, lọ́dún 1941. Gílóòbù ló lò. Gílóòbù 37 dúró fún gálákísì kan, 37 míì dúró fún èkejì. Ó mọ̀ pé bí òòfà ṣe máa ń dín kù béèyàn bá ṣe ń jìnnà náà ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù, tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, méjèèjì á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Torí náà á lọ sídìí gílóòbù kan, á wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ìyókù, ìyẹn á sọ fún un bí òòfà ṣe ń fa ìràwọ̀ yẹn, á sún gílóòbù náà díẹ̀ síbi tó yẹ kó lọ, á bọ́ sórí èkejì. Gbogbo mẹ́rìnléláàádọ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí èkíní. Mo máa ń ronú nípa ọkùnrin yẹn nínú òkùnkùn pẹ̀lú gílóòbù ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó rí ni pé àwọn méjèèjì ń fa ara wọn ya, apá ń yọ lára wọn, wọ́n sì lè mú ara wọn mọ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn ìyẹn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Alar Toomre àti Jüri Toomre, fi í ṣe é lọ́dún 1972, ìrù gígùn tó yọ nínú kọ̀ǹpútà wọn bá ìrù tó wà lára gálákísì tójú ń rí mu. Ọdún 1977 ni Alar wá ní bóyá báyẹn ni àwọn ẹlẹ́yin ṣe ń wáyé, kí òkòtó méjì dà pọ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí mo kọ sórí bọ́ọ̀dù ti wá.

Ìkejì bàbá. Ẹ ní ta ló jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ ti wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí. Ẹ ò nílò láti jókòó ti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan látìgbà tó yọ ọmọ títí tí wọ́n fi bẹ́ ẹ. Ní ọ̀sán kan ṣoṣo ẹ máa rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí, ẹ máa rí èyí tó ń tú òdòdó, ẹ máa rí èyí tó so tó tẹ̀, ẹ máa rí kùkùté tó ti ń rà. Gbogbo ìgbésí ayé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ rí yẹn láàárín wákàtí kan. Bí ojú ọ̀run ṣe rí nìyẹn. Gálákísì tí wọ́n ń pè ní M51, tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, òun àti kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ara wọn lọ́wọ́ ni. NGC 4038 àti 4039, tí wọ́n ń pè ní Antennae, ìjà ti wọ̀ wọ́n lára, ìrù méjì ti ta jáde. NGC 7252 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ti di odidi kan, ìrù ẹ̀ ló kù. (Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ rìn láàárín ọdún kan, ó tó tírílíọ̀nù 9.5 kìlómítà.)

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí NGC 7252 yẹn, torí òun ló dun mí jù. Lọ́dún 1993 tí wọ́n fi Hubble, awò ńlá tó ń yí ayé po lókè, wo àárín ẹ̀, níbi tó yẹ kí ohun gbogbo ti dàrú, òkòtó kékeré kan ni wọ́n bá níbẹ̀, àwo gáàsì àti ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó ń yí jẹ́ẹ́. Ẹyin lóde, òkòtó nínú. Ọdún 1993 o! Mo fún ọmọ yẹn ní òdo lẹ́yìn ogún ọdún tí wọ́n ti rí i.

———

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:

Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn wọlé. Ṣùgbọ́n òkòtó kékeré nínú ẹyin ńlá, ìyẹn ò tíì sọ gbogbo ẹ̀ di òkòtó.

———

Tíṣà Ìlódè:

Ẹ jàre bàbá. NGC 7252 nìkan ò tó. Mi ò sì fẹ́ bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ṣì ń jà lórí bó ṣe ń wọ́pọ̀ tó. Lọ́dún 2005 Volker Springel àti Lars Hernquist fi kọ̀ǹpútà da gálákísì méjì tó tóbi bákan náà pọ̀, gáàsì kún inú àwọn méjèèjì bámúbámú, ohun tó jáde níkẹyìn ní àwo ńlá àti apá lílọ́. Òkòtó gidi. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni bí gáàsì ṣe ń dènà kó má di ìràwọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìràwọ̀ ńlá tó bú máa ń tú agbára padà sínú gáàsì, agbára yẹn kì í jẹ́ kó wó lulẹ̀ wọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá dín in kù nínú ìṣirò, gáàsì á jó tán, ẹyin á jáde. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó tó, àwo á dúró. Nítorí náà ẹni tó ń bi mí pé ṣé ìdánilójú ni, mo ní rárá, kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Àmọ́ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ẹ wo ti ojú. Lọ́dún 2014 àwọn tó ń lo awò rédíò ALMA tó wà ní Chile kó gálákísì 37 jọ tó jẹ́ pé ìdàpọ̀ wọn ti ń parí lọ. Nínú 30 tí wọ́n ti rí gáàsì, 24 ló jẹ́ pé gáàsì náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń yí. Mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n o. Gaàrí inú báàfù wa nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀kan, UGC 1382, tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Tipẹ́tipẹ́ ẹyin kékeré lásán ni wọ́n kà á sí. Lọ́dún 2016 ni Lea Hagen àti Mark Seibert sọ pé àwọn rí i nínú àwòrán ultraviolet, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tójú èèyàn ò lè rí, pé apá ńlá wà lára ẹ̀ tójú ò rí tẹ́lẹ̀, òkòtó ni, fífẹ̀ ẹ̀ tó 718,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, Milky Way wa méje máa tò síbẹ̀. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé àárín ẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí ju apá òde lọ, ó dà bíi kí wọ́n gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kọ́ kí wọ́n tó kọ́ yàrá. Èyí ò lè rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ibì kan náà ló ti dàgbà. Àkójọ ni.

———

Ìyá Ìbejì:

Tíṣà, ẹ jẹ́ n bi yín ní tèmi, ọmọ Ifẹ̀ sáà ni mí. Wọ́n ní kí Odùduwà tó kó gbogbo wa pọ̀, ìlú kéékèèké mẹ́tàlá ló wà níbí, Ìdó, Ìdèta, Ìjùgbẹ̀, Ìráyè, Òkè-Ọjà àti ìyókù, oníkálukú ló ní olórí tiẹ̀. Ṣé bí ti gálákísì yìí náà kọ́?

———

Tíṣà Ìlódè:

Ìyá Ìbejì, ẹ ti gbà á lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ n kàn ya ibì kan sọ́tọ̀. Ìlú mẹ́tàlá yẹn di Ifẹ̀ kan ṣoṣo, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá kí àgbàlagbà kan lónìí, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn, ẹ máa mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìdàpọ̀ ò pa oríkì rẹ́. Ìràwọ̀ náà ní oríkì.

Nǹkan méjì ni oríkì ìràwọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀nà tó ń gbà. Oòrùn wa ń yí àárín Milky Way po ní ìṣísẹ̀ tó tó 230 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìràwọ̀ tó pọ̀ jù ládùúgbò wa náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìràwọ̀ tí wọ́n bí ní gálákísì kékeré kì í ní irin àti irú àwọn èròjà wúwo bẹ́ẹ̀ púpọ̀, torí ilé tí wọ́n ti bí i ò tíì sè púpọ̀.

Sátẹ́láìtì kan wà tó ń jẹ́ Gaia, àwọn ará Yúróòpù ló gbé e lọ ní December 2013, iṣẹ́ ẹ̀ títí tó fi parí lọ́dún 2025 ni kó wọn ibi tí ìràwọ̀ wà àti ibi tó ń lọ, ó lé ní bílíọ̀nù kan ìràwọ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ẹ̀ kejì jáde lọ́dún 2018, Amina Helmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ tí ìrìn wọn ò bá ti wa mu, àwọn míì nínú wọn tiẹ̀ ń lọ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń lọ síwájú, èròjà inú wọn sì jọ ara wọn. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ọmọ gálákísì tó wọlé wá bá wa ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn. Gaia-Enceladus ni wọ́n sọ ọ́, ikọ̀ Vasily Belokurov tó rí ohun kan náà pè é ní Sausage. Òun kì í ṣe kékeré lójú Milky Way ìgbà yẹn, ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀.

Ìbéèrè Ọmọ Ìrẹmọ ti padà dé nìyí o. Nígbà tó kọlù wá, àwo ìràwọ̀ tá a ní nígbà yẹn wú, ó nípọn, ó sì nípọn títí dòní, wọ́n ń rí i. Àmọ́ gáàsì ò tán. Ó rọlẹ̀, ó tẹ́, àwo tuntun tó fẹ́lẹ́ wáyé nínú ẹ̀, inú àwo fẹ́lẹ́ yẹn ni wọ́n ti bí oòrùn ní bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni Ifẹ̀ wà, ibẹ̀ ni Iléṣà wà. Nítorí náà ọmọ mi, òkòtó tó jáde lẹ́yìn ìkọlù kì í ṣe ohun tó jìnnà sí ẹ, inú ẹ̀ lo ti ń tẹ fóònù.

Kò sì tíì dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1994 Rodrigo Ibata àtàwọn méjì míì rí gálákísì kékeré kan lẹ́yìn àárín Milky Way, Sagittarius ni wọ́n ń pè é, òòfà wa ń fà á ya lọ́wọ́ báyìí, ìràwọ̀ ẹ̀ ti tò bí okùn yí wa ká.

———

Ọmọ Ìrẹmọ:

Háà. Tíṣà, ara mi bù máṣọ. Andromeda, gálákísì ńlá aládùúgbò wa tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá kọlù wá ńkọ́? Àwọn kan ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún.

———

Tíṣà Ìlódè:

Ohun tí wọ́n ń kọ káàkiri nìyẹn láti 2012, pé dandan ni. Mi ò gbà á mọ́ bí dandan. Òótọ́ ni pé ó ń bọ̀, nǹkan bíi 110 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń sún mọ́ ara wọn, ó sì wà ní mílíọ̀nù 2.5 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2025 ikọ̀ Till Sawala tún gbogbo ẹ̀ ṣírò, wọ́n ka àwọn gálákísì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ wa mọ́ ọn torí àwọn náà ń fà wá, wọ́n wá ní nínú bílíọ̀nù 10 ọdún tó ń bọ̀, ó tó ìdajì-ìdajì, wọ́n lè kọlù, wọ́n lè yẹra. Ẹni tó bá ń fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ, kó jáwọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Andromeda ju ìyẹn lọ. François Hammer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ lọ́dún 2018 pé ìdàpọ̀ gálákísì méjì ńláńlá ní bílíọ̀nù 2 sí 3 ọdún sẹ́yìn ló ṣe Andromeda bó ṣe rí yìí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìkọlù yẹn ń lọ, ayé wa ti wà, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ti wà nínú omi. Òkòtó tó gún régé tó jẹ́ aládùúgbò wa, tí gbogbo ìwé ń ya àwòrán ẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ìkọlù ni.

Ó sì ṣeé rí láti ibí. Mo ti rí i. Ní November, tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí eruku ọyẹ́ ò tíì dé, mo máa ń lọ sí oko bàbá mi lójú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́ kẹ́ ẹ kọjú sí àríwá. Ẹ wá ìràwọ̀ márùn-ún tí ń jẹ́ Cassiopeia. Ìwé á ní ó rí bí lẹ́tà W, lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn M ni. M yìí ní góńgó méjì lókè, èyí tó mú jù ń tọ́ka sókè, ẹ tẹ̀ lé e lọ díẹ̀ pẹ̀lú awò olójú méjì. Ẹ ò ní rí apá kankan o, ẹ má retí fọ́tò. Ẹ máa rí nǹkan tó funfun rẹ́súrẹ́sú, bí ìgbà téèyàn mí èémí sórí gíláàsì tí ò tíì gbẹ. Lọ́dún 964 ni al-Sufi, ọmọ Páṣíà kan, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkùukùu kékeré ni. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ yẹ ojú díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún hàn sí i, torí ẹ̀gbẹ́ ojú mọ òkùnkùn wò ju àárín ẹ̀ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ìyá mi jókòó sórí àpótí ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ nínú òkùnkùn, mo fún un ní awò náà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyẹn náà ní ará ilé bí?" Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dáhùn. Mo ṣì ń rò ó.

———

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:

Tíṣà, ẹ bá wa fi ọjọ́ sí i. Màá wọkọ̀ láti Iléṣà.

———

Tíṣà Ìlódè:

Ẹ máa kàn wá ni bàbá, a máa fi mọ́tò gbé yín láti ibùdókọ̀. Alẹ́ Friday tí òṣùpá ò ní sí nínú November ni. A máa kó ara wa jọ ní Ìlódè ní aago méje.

Ìyá Ìbejì, ẹ kó àwọn ìbejì wá, kí wọ́n wọ ẹ̀wù tó bo apá nítorí ẹ̀fọn. Ọmọ Ìrẹmọ, mú nóòtì SS2 rẹ dání, ojú ìwé tí mo ya ẹyin yẹn sí la máa kọ́kọ́ ṣí. Tí ẹnikẹ́ni nínú sẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú tiyín bá wà níbí tó mọ ọmọbìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ gáàsì sínú ìdánwò, ẹ sọ fún un pé Tíṣà ń wá a, ó jàre, màákì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì funfun tẹ́ ẹ bá ti dé oko. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù pupa bo ojú ẹ̀, kí ẹ dì í ní rọ́bà.